Ta Ló Ni Igi Tí A Gbìn? Ìtàn Igbó àti Igi ní Ilẹ̀ Adja-Ouèrè

Ọ̀rọ̀ igi ni a gbé wá lónìí.

Láti 1985 ni orílẹ̀-èdè Benin ti ń ṣe Ọjọ́ Igi ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdọọdún. Àwọn aláṣẹ á jáde, àwọn ọmọ ilé-ìwé á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọn á gbẹ́ ihò, wọn á gbin igi, wọn á ya fọ́tò. Ohun tó dára ni. Ooru ń pọ̀ sí i, òjò kò sì rọ̀ lásìkò bí àwọn àgbà ṣe mọ̀ ọ́n mọ́, a kò sì lè ká ọwọ́ lẹ́rán. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ìtàn ilẹ̀ wa ti ń bi wá tipẹ́, tí a kì í sábà dáhùn lọ́jọ́ ayẹyẹ: igi tí a gbìn yìí, ta ló ni ín?

Bí a bá yẹ ìtàn igi wò ní agbègbè wa láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ohun kan náà ni a ó máa bá pàdé. Igi tó bá ní oníǹkan máa ń dúró. Igi tí kò bá ní oníǹkan, ẹni tó bá kọ́kọ́ mú àáké débẹ̀ ló ni ín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Igbó kìjikìji tó tò lọ ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò lọ gbọrọgbọrọ láìdá. Ó já ní apá Ghana, ọ̀dàn gba ipò rẹ̀ ní Togo àti Benin, kí igbó tó tún padà bẹ̀rẹ̀ ní ìhà Nàìjíríà. Àwọn onímọ̀ ń pe ibi tó já yìí ní àlàfo Dàhòmì. Àwọn tó gbẹ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún Sélé ní gúúsù Benin, tí wọ́n sì yẹ ìyẹ̀fun òdòdó àtijọ́ inú rẹ̀ wò, rí i pé ó ti lé ní 3,000 ọdún tí ojú ọjọ́ ti gbẹ, tí igbó sì fà sẹ́yìn. Etí àlàfo yìí, ní ìhà ìlà oòrùn, ni ilẹ̀ wa wà. Òjò méjì la ní lọ́dún, ìyẹn ti oṣù kẹta sí oṣù keje àti èyí tó máa ń padà wá ní oṣù kẹsàn-án. Igbó lè hù níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ tí a lè pa igbó rẹ̀ run lónìí kí ó tún dìde lọ́la fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí igbó àtijọ́ ṣe rí, ẹ lọ wo èyí tó ṣẹ́kù ní Pobè, nínú ilẹ̀ ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ. Ó ṣẹ́kù nítorí pé ẹnì kan ń ṣọ́ ọ.

Igi tó kọ́kọ́ yí ìrísí ilẹ̀ wa padà ni ọ̀pẹ. Nígbà tí òwò ẹrú ń kú lọ ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, epo pupa àti ẹ̀kùrọ́ ló gba ipò rẹ̀. Àwọn òyìnbó nílò epo fún ọṣẹ àti fún ẹ̀rọ wọn. Ní 1841, ilé-iṣẹ́ Régis láti Marseille wá jókòó sí Ouidah. Gezo ọba Dàhòmì, tó jọba láti 1818 sí 1858, rọ àwọn ènìyàn rẹ̀ sí iṣẹ́ ọ̀pẹ, ó sì fi àwọn ẹrú ṣiṣẹ́ nínú oko rẹ̀. Ní ìhà tiwa, epo àti ẹ̀kùrọ́ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo.

Ẹ kíyè sí ohun kan níbí. Ọ̀pọ̀ ọ̀pẹ tó kún inú oko wa nígbà náà, kò sí ẹni tó fi ọwọ́ gbìn ín. Ẹyẹ àti ẹranko ló gbé èso rẹ̀ káàkiri, ó hù, àgbẹ̀ tó ń ṣán oko sì dá a sí. Àìmọye igi mìíràn ni wọ́n gé tí wọ́n sì sun, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ dúró. Kí ló fà á? Nítorí pé gbogbo ènìyàn ló mọ ẹni tó ni ín. Ìdílé kọ̀ọ̀kan mọ ọ̀pẹ tirẹ̀. A lè fi ọ̀pẹ dógò láìfi ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ dógò, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń gbin àgbàdo sí ìdí ọ̀pẹ lè má jẹ́ ẹni tó ń kọ ẹyìn orí rẹ̀. Ẹni tó bá kọ ẹyìn ọlọ́pẹ, ẹjọ́ ńlá ni. Òfin yìí kò sí nínú ìwé kankan, síbẹ̀ ó ṣiṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ òfin inú ìwé lọ.

Nígbà tí àwọn Faransé gba ilẹ̀, wọ́n rí èrè ọ̀pẹ yìí. Wọ́n la ojú irin láti Àjàṣẹ́ gba Ṣakẹ́tẹ́ dé Pobè, kí ẹ̀kùrọ́ lè tètè dé etí òkun. Ní 1922, wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè. Láti ibẹ̀ ni irúgbìn ọ̀pẹ tuntun ti ń jáde títí di òní, èyí tó kúrú, tó sì ń so láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Oko ọ̀pẹ tuntun tí ẹ ń rí lójú ọ̀nà wa, àwọn onílẹ̀ ló ná owó wọn láti gbìn ín, nítorí wọ́n mọ̀ pé àwọn àti ọmọ wọn ni yóò kó èrè rẹ̀.

Ọ̀nà kejì tí igi gbà wọ ìtàn wa yàtọ̀ pátápátá. Àṣẹ ìjọba ni. Ní òdìkejì bọ́dà, ní 1899, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pààlà sí igbó Olókèméjì láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, ó wà lára àwọn igbó ọba àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn Faransé náà ṣe tiwọn. Òfin wọn ti ọjọ́ kẹrin oṣù keje 1935 fún ìjọba lágbára lórí igbó gbogbo agbègbè tí wọ́n ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Igbó tí kò bá ní ìwé, ti ìjọba ni. Àwọn igi pàtàkì kan, kódà bí wọ́n bá wà láàárín oko rẹ, o gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda kí o tó gé wọn.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù ni igbó Lama. Lama, ẹrẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè àwọn Potogí. Ilẹ̀ dúdú alámọ̀ yìí ni ó na já gúúsù Benin títí wọ ìhà Massè, níbi tí àwọn ará wa Ọ̀họ̀rí ń gbé. Bí òjò bá rọ̀, ẹsẹ̀ á máa rì. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ilẹ̀ á sán. Láti 1914 ni àwọn Ọ̀họ̀rí fi kọ̀ láti gba àṣẹ Faransé lórí owó orí àti kíkó ọmọ ènìyàn lọ sógun, ẹrẹ̀ yìí sì wà lára ohun tó dáàbò bò wọ́n títí wọ́n fi borí wọn. Ní 1946, ìjọba dá hẹ́kítà 16,250 sọ́tọ̀ nínú ilẹ̀ Lama tó wà ní ìwọ̀-oòrùn tiwa, wọ́n ní igbó ọba ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ wà nínú rẹ̀, wọn kò sì kúrò. Ọdún lé ọdún, oko ń jẹ igbó náà. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, ìjọba gbin tíìkì sí apá tó pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, wọ́n kó àwọn àgbẹ̀ tó wà láàárín gbùngbùn jáde, wọ́n sì pín ilẹ̀ fún wọn létí igbó. Àárín tó ṣẹ́kù yìí ni ọ̀bọ aláyà pupa ṣì ń gbé lónìí. Ẹ rí i pé láti 1946 títí di àwọn ọdún 1980, pátákó àti òfin nìkan kò tó láti dá igbó sí. Ìgbà tí a yanjú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ni nǹkan tó yí padà.

Òfin pé igi inú oko rẹ kì í ṣe tìrẹ tún ní àbájáde mìíràn. Àwọn àgbà wa ní, kékeré la ti ń pa ẹ̀kan ìrókò, torí bó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Òwe lásán kọ́ nìyẹn lójú àgbẹ̀. Bí ìrókò kékeré bá hù ní oko mi, tí mo mọ̀ pé bó bá dàgbà, ìwé àti owó ni n ó fi tọrọ igi tó wà lórí ilẹ̀ baba mi, kí ni yóò mú mi dá a sí? Òfin tó fẹ́ dáàbò bo ìrókò ńlá lè di ohun tó ń pa ìrókò kékeré.

Àárín ọ̀nà méjì yìí ni igbó òrìṣà wà. Igbó Orò, igbó Egúngún, igbó tó yí ojúbọ ká. Wọn kì í ṣe ti ẹnì kan, wọn kì í sì ṣe ti ìjọba. Ti ìlú ni wọ́n, ìlú sì mọ ẹni tó ń ṣọ́ wọn, ọjọ́ tí a lè wọ̀ wọ́n, àti ohun tí a kò gbọdọ̀ gé níbẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe jáde ní 1998 ka igbó irú èyí 2,940 ní Benin, gbogbo wọn pọ̀ jẹ́ hẹ́kítà 18,360. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ní gúúsù tó kún fún ènìyàn, níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ igi àti ewé ìṣègùn wa sá sí.

Àwọn náà rí ìjà. Lẹ́yìn tí Kérékou gba ìjọba ní 1972, tí ó sì kéde ìlànà Marx àti Lenin ní 1974, ìjọba gbógun ti ohun tí wọ́n pè ní àjẹ́ àti agbára àwọn àgbà àtijọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n gé igi ńláńlá, wọ́n sì wọ igbó tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a já ọlá kúrò lára àwọn tó ń ṣọ́ igbó, igbó náà di ti ẹnikẹ́ni tó bá lágbára. Ó tó 2012, ní oṣù kọkànlá, kí ìjọba tó fi àṣẹ sílẹ̀ tó fún igbó òrìṣà ní ipò lábẹ́ òfin, tí ìlú lè fi bójú tó o. Ní òdìkejì bọ́dà, ẹ mọ igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Hẹ́kítà 75 ni. Àwọn olùsìn pẹ̀lú Susanne Wenger, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, jà fún un títí tí UNESCO fi kọ ọ́ mọ́ ogún aráyé ní 2005.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí igi gbígbìn tòde òní. Ní 2013, wọ́n ka ènìyàn Benin, iye wa jẹ́ 10,008,749. Lọ́dún yẹn náà ni ìjọba gbé ètò kan dìde pé ẹ̀mí mílíọ̀nù mẹ́wàá, igi mílíọ̀nù mẹ́wàá. Ìrònú tó dùn ni, ẹnì kan igi kan. Ṣùgbọ́n ní abúlé, kì í ṣe gbogbo ẹ̀mí ló ní ibi tí ó lè gbin igi sí.

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Ẹni tó bá gbin igi sórí ilẹ̀, ó ti fi àmì sí i pé òun ni onílẹ̀. Abájọ tí a fi ń gbin pèrègún àti akòko sí ààlà. Nítorí náà, àjòjì tí a fún nílẹ̀ dáko, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, a ó ní kó gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà àti tòmátì, ṣùgbọ́n kó má gbin igi. Bó bá gbin igi, lọ́la ọmọ rẹ̀ lè sọ pé baba òun ló ni ilẹ̀. Ìyàwó tó ń dáko lórí ilẹ̀ ọkọ náà kò láyà láti gbin igi, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin sì wà tí a kò pín ilẹ̀ baba fún. Ẹni tó gba ilẹ̀ dógò mọ̀ pé wọ́n lè wá rà á padà nígbàkigbà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kórìíra igi. Àṣà ló ní kí wọ́n má gbìn ín. Bẹ́ẹ̀, àwọn ni wọ́n wà lóko lójoojúmọ́.

Ní Kenya, Wangari Maathai dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1977, èyí tí àwọn obìnrin abúlé fi ń gbin igi. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sọ ni pé ẹgbẹ́ náà kì í sanwó fún iye igi tí obìnrin bá gbìn. Iye igi tó bá yè ni wọ́n ń san owó díẹ̀ lé lórí. Igi tó yè yẹn sì ń fún un ní igi ìdáná nítòsí ilé. Ó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 2004, ẹgbẹ́ náà sì ti gbin mílíọ̀nù lọ́nà àádọ́ta igi.

Ní Niger, aládùúgbò wa lókè, ìtàn náà tún sún mọ́ wa sí i, nítorí òfin Faransé kan náà ni wọ́n jogún. Igi inú oko jẹ́ ti ìjọba, àgbẹ̀ tó bá gé ẹ̀ka rẹ̀ lè san ìtanràn. Nítorí náà, wọ́n ń fa ọ̀mùnú tu. Láti àárín àwọn ọdún 1980, ìjọba dẹwọ́, àwọn àgbẹ̀ Maradi àti Zinder sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí igi oko wọn bí ohun ìní wọn. Wọn kò ra ọmọ igi. Kùkùté tó wà láàyè nínú oko ni wọ́n jẹ́ kó rú, wọ́n yan ọ̀mùnú tó dára, wọ́n gé ìyókù. Àwọn tó fi àwòrán láti òfuurufú wò ó rí i pé ilẹ̀ tí igi padà sí lórí tó hẹ́kítà mílíọ̀nù márùn-ún. Ohun tí àwọn baba wa ṣe sí ọ̀pẹ gan-an nìyẹn: wọ́n dá a sí, nítorí wọ́n mọ ẹni tó ni ín.

A kò sọ pé oníǹkan kì í ba nǹkan rẹ̀ jẹ́ o. Àwọn onílẹ̀ kan ti ta ìrókò wọn fún àwọn aláyùn, tàbí kí wọ́n wó ọ̀pẹ nítorí ẹmu tí wọ́n fẹ́ fi pọn sódàbì. Ìdí nìyẹn tí igbó òrìṣà fi jẹ́ ẹ̀kọ́: oníǹkan gbọ́dọ̀ wà, àdéhùn ìlú náà gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀.

Òfin òde òní ti ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ fún wa. Òfin ìdílé ti 2004 fún ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ sí ogún bíi ọmọkùnrin. Òfin ilẹ̀ ti oṣù kẹjọ 2013 fi àyè sílẹ̀ kí a kọ ẹ̀tọ́ ilẹ̀ sínú ìwé, ó sì dá ìgbìmọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ ní abúlé. Ẹ jẹ́ ká lò ó. Ká sọ pé abúlé kan ní Tatonnonkon fẹ́ gbin igi ní oṣù kẹfà tó ń bọ̀. Kí wọ́n tó gbẹ́ ihò àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó níwájú baálé àti ìgbìmọ̀ ilẹ̀, kí wọ́n kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀. Èkíní, ta ló ni ilẹ̀? Èkejì, ta ló ni igi, báwo ni a ó sì ṣe pín èrè rẹ̀? Àjòjì lè gbìn ín kí ìwé sì sọ pé igi nìkan ni tirẹ̀, ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, bí àwọn baba wa ṣe ya ọ̀pẹ kúrò lára ilẹ̀. Ẹ̀kẹta, ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ láti oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò bá dá, tí ọyẹ́ dé, tí iná oko sì ń jó, títí di oṣù kẹta? Ẹ̀ẹ̀rùn méjì àkọ́kọ́ ló ń pa ọmọ igi jù.

Bí ìdáhùn mẹ́ta yìí bá wà, ọgọ́rùn-ún igi á ṣe ìlú láǹfààní ju ẹgbẹ̀rún tí a gbìn fún fọ́tò lọ. Bí kò bá sí, a ó tún padà wá sí ihò kan náà lọ́dún tó ń bọ̀.

Igi kan kì í dágbó ṣe, ẹ̀yin ará wa. Ẹ sọ fún wa: ní abúlé tiyín, igi wo ló pẹ́ jù lórí ìdúró, ta ló sì ni ín? Ẹ bi àwọn àgbà nígbà tí wọ́n ṣì wà. Kí òjò ọdún yìí rọ̀ fún wa tọ́tọ́, kí ohun tí a bá gbìn sì yè. Àṣẹ.